Orúkọ Tí Mo Pè Kí N Tó Gba Ìwé Àṣẹ

                                                            Ṣọ́ọ̀bù Ìwọ́ra,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                                            Òpópónà Kejì.
                                                            Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò ara wa, ẹ sì kú ìfaradà àbúrò tí kì í kọ̀wé àfi ìgbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọkọ wa lẹ́nu nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti lọ? Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn náà, àbí inú àpò ni wọ́n ń kó o sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ní òun ò ní jẹun mọ́ àfi tí ẹ bá ra bàtà bọ́ọ̀lù fún òun? Ṣé ẹ ti rà á, àbí ó ṣì ń gbààwẹ̀? Ọjà aṣọ ńkọ́, ṣé àwọn oníbàárà ń wá? Níbi tiwa, a wà, ara sì yá gágá. Ọkọ mi, Oní-fíríìjì yín, ní kí n kí yín kú iṣẹ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé fíríìjì tí ẹ ń ráhùn lé lórí kò bàjẹ́, pé ẹ̀yin ni ẹ ń ṣí i jù. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo jẹ́ fún yín o, ẹ má fi bá mi jà.

Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe rí i pé ìwé yìí nípọn, ẹ ti wá àga jókòó, ẹ ti ń bi ara yín pé kí ló tún ti ṣe Kékeré. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹ lè máa ká aṣọ yín lọ bí ẹ ṣe ń kà á. Wọn ò ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo sì ti gba ìwé àṣẹ ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn gan-an ni mo fẹ́ rò fún yín, torí pé níbí, gbogbo ẹni tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún ló ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin náà ìbá já lù ú tí ẹ bá wà ní tòsí, ṣùgbọ́n ìwé kò ṣeé já lù.

Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá. Nísàlẹ̀ òpópónà wa níbí, àwọn ilé onígíláàsì dúdú kan wà tí wọ́n kọ “masáàjì” gàdàgbà sára pátákó wọn, tó sì jẹ́ pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín èjìká àti orúnkún. Gbogbo ayé ló mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, wọn ò yọ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Pátákó tèmi náà ní “masáàjì”, ó parí. Wọ́n mú mi pẹ̀lú òróró lọ́wọ́, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, obìnrin tí mo ń wọ́ lọ́wọ́ sì gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ láì rántí bàtà rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí ní àgọ́ wọn, èmi àti àwọn ọmọbìnrin tí ẹnì kankan ò bi léèrè bí wọ́n ṣe dé ìdí irú iṣẹ́ yẹn, títí ọkọ mi fi dé pẹ̀lú onílé wa láti wá jẹ́rìí mi. Ojú tì mí débi pé n ò lè gbójú sókè wo ọkọ mi.

Nígbà tí ẹ gbọ́, ẹ bínú ju èmi alára lọ. Ẹ ní kí n pa iṣẹ́ náà tì kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ẹ ó ya igun kan sọ́tọ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ yín. Mo sì ṣèlérí pé tí ọdún yìí bá fi máa parí tí iṣẹ́ mi ò bá tíì ní orúkọ rere, n ó wá. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣèlérí náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò wù mí. Ọkọ mi ò lè kó fíríìjì àwọn ará àdúgbò wá sí ìlú yín, àwọn ọmọ ò lè fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín ọdún, èmi nìkan ni n bá wá máa lọ máa bọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ mọ irú ọlọ́jà tí n bá jẹ́. Tí oníbàárà bá ní aṣọ ti wọ́n jù, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlera wá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri wa. Òfin tuntun ti dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ́ra fún èèyàn, tó sì ń gbowó, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí oṣù kẹjọ tó parí. Onítọ̀hún á lọ sí kíláàsì, á ṣe àyẹ̀wò ara ní ilé ìwòsàn, wọ́n á wá wo yàrá iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣe ìdánwò ẹnu àti ìdánwò ọwọ́. Ẹni tó bá yege á gba káàdì tó ní fọ́tò. Ẹni tó bá kùnà, wọ́n á fi àgádágodo ìjọba ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo bínú, kí n má purọ́. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ilé, mo ń sọ pé kí ni ìjọba mọ̀ nípa ẹ̀yìn èèyàn? Ọkọ mi ní kí n rọra, pé ó ṣe tán ìjọba ló ń fa ẹ̀yìn dídùn fún ìdajì àwọn oníbàárà mi. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbínú náà ò tán. Lójú tèmi, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn onígíláàsì dúdú jẹ mí níyà lẹ́ẹ̀kejì ni.

Síbẹ̀ mo lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì náà lọ́jọọjọ́ Sátidé, àwa àgbàlagbà lórí àga àwọn ọ̀dọ́. Ẹ ò bá rí mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Gbogbo egungun àti iṣan ara ló ní orúkọ tí ahọ́n ò lè gbé, bẹ́ẹ̀ èmi ti sọ tèmi lórúkọ tipẹ́. Ibi tó máa ń le láàárín pátákó èjìká méjèèjì, èmi ń pè é ní “ilé ìbínú”, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kó o sí. Ọmọ mi obìnrin á máa bi mí ní orúkọ egungun bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, tí mo bá ṣì í, á mi orí bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n.

Kí n sọ òótọ́ fún yín, kíláàsì náà ṣe mí lóore. Wọ́n kọ́ wa ní ìgbà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn rárá. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná lójú kan, tí ìkejì rẹ̀ sì wà bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀. Tí a bá wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ náà lè ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí á darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí kíákíá. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo gbé bírò kalẹ̀. Mo ro gbogbo ẹsẹ̀ tí ọwọ́ mi ti kọjá lórí rẹ̀ láti ọdún yìí wá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí èyí tó bá mi jà. Inú mi ò kọ́kọ́ dùn pé ìjọba ló wá sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mo gbọ́.

Wọ́n wá wo yàrá náà. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá ní kí n yọ kọ́kọ́rọ́ inú kúrò lára ilẹ̀kùn, pé yàrá ìwọ́ra kò gbọdọ̀ ṣeé tì látinú. Kọ́tìnì ni kí n fi síbẹ̀. Ó wo táwẹ́ẹ̀lì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn òróró, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń wò ó bí ẹni tí àna rẹ̀ wá wo ilé ìdáná. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fọwọ́ sí i, ó lọ. Àyẹ̀wò ara náà lọ dáadáa. Ìdánwò ẹnu, mo yege, orúkọ egungun méjì péré ni mo gbé fún ara wọn.

Ìdánwò ọwọ́ ló kù, òun ló sì fẹ́ẹ̀ bà mí láyé jẹ́. Kì í ṣe pé n ò mọ iṣẹ́ o. Òfin ní kí oníkálukú mú ẹnì kan wá tí yóò wọ́ níwájú àwọn onídánwò. Mo rò pé ìyẹn ò le, ṣebí mo ní oníbàárà. Mo kọ́kọ́ bi ìyá báńkì, oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, èyí tí ọrùn rẹ̀ máa ń gan tó fi jẹ́ pé gbogbo ara ló fi ń yíjú. Ó ní ọwọ́ mi ni Ọlọ́run fi ń yọ òun, ṣùgbọ́n òun ò lè lọ síbi tí wọ́n ti máa kọ orúkọ òun sílẹ̀. Mo bi awakọ̀ akẹ́rù tó máa ń sùn fọnfọn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ìyàwó òun rò pé òun máa ń wà. Olórí ẹgbẹ́ akọrin kan tó máa ń wá nítorí ìbàdí rẹ̀ tilẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, ó ní mo mọ àwàdà ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí. Àwọn èèyàn tó ń sunkún sórí ìrọ̀rí mi, tí wọ́n ń pè mí ní ìyá, tí a bá pàdé lójú títì, ìsọ̀ tó wà ní òdìkejì ni wọ́n ń wò. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ látẹnu wọn rí.

Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gbà níkẹyìn. Mo dúpẹ́ títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ó wá bá mi nílé pẹ̀lú ojú tó ti wú. Ọkọ rẹ̀ ti fi àáké kọ́rí, ó ní ìyàwó òun kọ́ ni wọ́n á máa wọ́ níwájú ìjọba. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Mo ní kí ó máa lọ, pé n ò bínú. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé ó ti tán, kí n kúkú lọ máa ká aṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ní òun á wá. Mo rán an létí pé òfin ò gba ọkọ tàbí ìyàwó ẹni. Ó mú súkùdíráfà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

Bàbá wà níbẹ̀. Ẹ mọ bàbá ọkọ mi, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ lẹ́tà pínpín, yàrá iwájú ilé wa ni wọ́n ń gbé, ìwé ìròyìn lọ́wọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò nípa mi. Ọṣẹ ni wọ́n ní mò ń tà. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwọ́ra ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọn ò sì yí i padà, títí àwọn aládùúgbò kan fi ń wá béèrè ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Wọn ò fi ẹsẹ̀ kan tẹ ṣọ́ọ̀bù náà rí, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló pín in níyà pẹ̀lú yàrá wọn. N ò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ọ.

Bàbá sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n nílò?”

Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, “Èmi náà ní ẹ̀yìn.” Wọ́n sì gbé ìwé ìròyìn wọn padà.

Mo rò pé àwàdà ni, títí ilẹ̀ fi mọ́ tí mo bá wọn lórí àga iwájú ilé, fìlà lórí, bàtà wọn ń dán, wọ́n ń bi mí pé ṣé a ò ní pẹ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi tí n kì í jókòó sórí àga kan náà pẹ̀lú wọn ni n ó wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn wọn lójú àjèjì. Jálẹ̀ ọ̀nà, Bàbá ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé wọn. Òróró tó wà nínú àpò mi nìkan ló ń ró nínú ìgò.

Yàrá ńlá kan ni wọ́n kó wa sí, bẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀ lọ́tọ̀, kọ́tìnì láàárín, omi àti ọṣẹ nínú bàsíà. Nọ́ọ̀sì kan tó tó ẹgbẹ́ mi, tó fi okùn gbé awò ojú kọ́ ọrùn, ló dúró lórí tèmi, ọ̀dọ́kùnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fún wa ní máàkì. Bàbá bọ́ ẹ̀wù, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, fìlà wọn lórí itan. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo nu ún. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa bá a lọ.

Ẹsẹ̀ mi ò dúró gbọ́ tèmi, mo ti kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ dìde, ìyá. Ẹ pe orúkọ wọn, kí ó dá wa lójú pé àwọn ni wọ́n wá bá yín.”

Mo ní, “Bàbá ọkọ mi ni.”

“A gbọ́. Orúkọ wọn ńkọ́?”

Mo tún ní, “Bàbá ni.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn ni ó kọ. Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ tèmi, ó wà lára gbogbo ìwé ọkọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n ò fi ẹnu mi pè é rí, kódà nígbà tí n ò sí lójú wọn. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé orúkọ ni a máa ń kọ́kọ́ pè. Mo há a sórí. N ò kàn rò ó rí pé orúkọ yìí ni yóò jẹ́. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń rí àgádágodo ìjọba lára ilẹ̀kùn mi.

Nọ́ọ̀sì náà ò pariwo mọ́ mi. Ó ní, “Kì í ṣe àrífín, ìyá. Ní ilé ìwòsàn, èèyàn lè gba abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn nítorí pé wọn ò pe orúkọ. Gbogbo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbí, a gbọ́dọ̀ pè é.”

Ibẹ̀ ni Bàbá ti dá sí i. Wọ́n ní, “Ìyàwó, pè é. Lẹ́tà ni mo fi gbogbo ayé mi pín. Tí n ò bá pe orúkọ mọ́ lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà, ilé ẹlòmíràn ló máa wọ̀. Pè é, kí wọ́n má baà wọ́ ẹlòmíràn dípò mi.”

Mo pè é. Gbogbo rẹ̀ ni mo pè, orúkọ àti orúkọ bàbá wọn, pẹ̀lú orúnkún mi tó tẹ̀ díẹ̀, torí pé òun ò gbà láti nà tán. Bàbá ní, “Èmi nìyẹn,” bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀. N ò ní kọ ọ́ síbí o. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè tó kù wá ń jáde fúnra rẹ̀. Mo bi wọ́n ní ọjọ́ orí, wọ́n sọ ọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní rárá. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti mu ọtí lónìí. Bàbá wò mí, wọ́n ní, “Kò ì tíì.” Nọ́ọ̀sì gbé ìwé bo ẹnu, ọ̀dọ́kùnrin náà ò lè kọ nǹkan fún ìgbà díẹ̀. Ni mo wá béèrè pé ibo ló ń dùn wọ́n.

Mo rò pé wọ́n á ní kò síbì kan. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé nìyẹn. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì mú, wọ́n ní, “Ibí yìí. Ibi tí àpò lẹ́tà máa ń wà. Ó ti pẹ́. N kì í lè fi í lélẹ̀ sùn.”

N ò mọ̀. Ọkọ mi ò mọ̀. Ilé kan náà ni a wà, èmi tí mò ń wọ́ èjìká gbogbo ìlú. Mo máa ń rí i pé ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń ṣí ìwé ìròyìn wọn, mo sì kàn rò pé bí àgbà ṣe ń kàwé ni. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti lè sunkún. Ìbéèrè kan ló kù. Mo ní, “Ṣé ẹ gbà kí n fọwọ́ kàn yín?”

Bàbá mi orí. Nọ́ọ̀sì ní ẹnu ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Wọ́n wò mí lójú, ohun tí wọn kì í ṣe. Wọ́n ní, “Mo gbà. Mo gbà dáadáa.”

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìyìn nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn.

Wọ́n dùbúlẹ̀. Mo bu òróró sọ́wọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́, mo gbé e lé èjìká náà. Ó le bí ẹsẹ̀ tábìlì. N ò kán an lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, mo wá sísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́, mo ń bi wọ́n bóyá ó dùn jù gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, wọ́n ń ní kí n máa ṣe é. Nígbà tó yá, mo gbàgbé nọ́ọ̀sì, mo gbàgbé ọ̀dọ́kùnrin pẹ̀lú máàkì rẹ̀. Èjìká yẹn nìkan ló wà níwájú mi. Ó ń rọ̀ díẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dùn, Bàbá ò dáhùn. Mo wolẹ̀ wò wọ́n. Wọ́n ti sùn lọ, wọ́n tilẹ̀ ti ń hanrun, wọ́n sì ti yí díẹ̀ sórí èjìká òsì.

Mo wo nọ́ọ̀sì. Mo rò pé ó máa ní kí n jí wọn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn,” ó sì fa kọ́tìnì.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ka èsì fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo yege. Wọ́n yọ máàkì nítorí orúkọ àti nítorí ìkúnlẹ̀, gbogbo ìyókù ni mo gbà. Mo di Bàbá lápá mú, n ò tilẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ fún wa nípa èjìká wọn láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ní, “Ta ló bi mí?” Mo tún apá wọn dì mú dáadáa.

Lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀ òpópónà wa, Bàbá dúró. Wọ́n ní kó kí mi kú oríire, ìjọba ti gbà mí wọlé. Onígbàjámọ̀ ní, “Ìyàwó yín tó ń ta ọṣẹ?” Bàbá fa ojú ro, wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ọṣẹ ló ń tà? Ó ń wọ́ra. Èjìká ló ń wọ́.” Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó wò mí. Gbogbo òpópónà ló mọ ẹni tó sọ fún un.

Káàdì náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fọ́tò tó wà lára rẹ̀ jọ ti ẹni tó jí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà lórí rẹ̀ kedere. Ọkọ mi kàn án mọ́ ògiri ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń wọ́ ìyá báńkì lọ́wọ́, mo gbọ́ tí ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá dúró níta. Ẹ ò nílò kí n sọ bí ọkàn mi ṣe rí. Ọlọ́pàá kan kí wa látìta, ó ní ṣé kí òun wọlé, mo ní kó dúró kí n bo oníbàárà mi. Ó dúró. Nígbà tó wọlé, ó wo káàdì, ó wo ojú mi, ó ní, “Ó dáa, ìyá. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.” Ó jáde. Wọ́n gbéra lọ sísàlẹ̀ òpópónà. Ìyá báńkì ò tilẹ̀ gbórí sókè, ó ní kí ló dé tí mo dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún ẹlòmíràn ní igun tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú rẹ̀ di àkókò yìí. N ò bọ̀ wá ta aṣọ mọ́, àfi kí n wá kí yín.

Ẹ bá mi kí ọkọ wa dáadáa, ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí ìyá tó ń gbé òkè yín tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Bàbá ní kí n kí yín. Ní báyìí, tí ilẹ̀ bá ṣú díẹ̀, wọ́n máa ń kan ògiri láti yàrá wọn, mo sì mọ̀ pé èjìká ni.

Ohun kan ló kù tí n ò sọ fún yín rí, n ò sì sọ fún ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi lọ lọ́dún tó kọjá, báàgì kékeré kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo di ìró kan, bùbá kan àti sálúbàtà sínú rẹ̀, pé tí wọ́n bá tún wá kó wa, n ò ní tún jókòó sí àgọ́ wọn pẹ̀lú aṣọ olóròóró lójú ọkọ mi. Láràárọ̀, kí n tó ṣí fèrèsé, n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tí ìyá báńkì ti lọ, mo fà á jáde, mo tú u. Eruku ti bo sálúbàtà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, kò pẹ́, mo sì fọ ojú mi. Ìró náà ni mo ró báyìí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí sí yín. Báàgì náà, ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ ẹ fún ìwé rẹ̀. Ó gbé e lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí.

                                                            Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
                                                            Kékeré.